Igbó Ẹ̀bá Odò Ọ̀ṣun àti Àwọn Tí Wọ́n Pa Á Mọ́

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ènìyàn ni òwe yìí ń bá wí, kì í ṣe omi. Síbẹ̀, nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí, ìwọ òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kan omi, ó sì kan ènìyàn. Ìtàn igbó kan ni, èyí tí ó wà ní ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun ní ìlú Òṣogbo. Mo fẹ́ kí o mọ bí igbó náà ti ṣe wà, bí ó ti kù díẹ̀ kí ó parun, àwọn tí wọ́n dúró tì í, àti ohun tí ó kù fún ìwọ náà láti ṣe.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ ná. Bí o bá ti àárín ìlú Òṣogbo gba ọ̀nà odò lọ, ariwo ọkọ̀ àti ariwo ọjà yóò máa sìn ọ́ lọ títí dé ẹnu igbó. Ṣùgbọ́n bí o bá ti wọlé tán, àfi bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo náà sẹ́yìn. Oòrùn tí ń jó ọ lórí ní ìta kò ní rí ọ mọ́, àfi níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbé yọ́ kọjá láàárín ewé. Atẹ́gùn yóò tutù sí ọ lára. Àwọn ọ̀nà tóóró yóò máa yà sí ọ̀tún, wọn yóò máa yà sí òsì, wọn yóò sì máa dagẹ̀rẹ̀ lọ sí etí omi. Ewé tí ó ti rọ̀ sílẹ̀ láti ọdún mọ́dún ni ìwọ yóò máa tẹ̀. Ọ̀bọ yóò máa fò láti orí igi kan sí òmíràn, ẹyẹ tí o kò rí yóò máa ké lókè, àjàrà igbó tí ó nípọn tó apá rẹ yóò sì máa fì láàárín igi.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ yóò gbọ́ ohùn odò. Odò Ọ̀ṣun kò ṣàn ní tààrà nínú igbó yìí. Ó ń lọ́ bí ejò, ó ń yí po, ó sì ń farahàn lójijì níbi tí o kò retí rẹ̀. Níbi tí omi náà ti jìn tí ó sì dákẹ́ ni a ń pè ní ibú, ibú kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní orúkọ tirẹ̀. Ibi ìbọ mẹ́sàn-án ni ó wà létí omi, ojúbọ ogójì ni a sì kà ní gbogbo inú igbó náà. Hẹ́kítà 75 ni ìwọ̀n ilẹ̀ náà, èyí tí ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún pápá bọ́ọ̀lù bí a bá tò wọ́n pọ̀. Àwọn tí wọ́n ka ohun tí ń hù níbẹ̀ rí i pé oríṣi igi àti ewéko rẹ̀ ju 400 lọ, àti pé èyí tí a mọ̀ fún ìwòsàn nínú wọn ju 200 lọ.

Má ṣe rò pé igbó náà kàn dúró sí etí omi lásán. Gbòǹgbò igi ni ó di ilẹ̀ etí odò mú kí ẹ̀kún omi má baà gbé e lọ. Ewé jíjẹrà tí ó tẹ́ sílẹ̀ ni ó ń mu òjò bí aṣọ gbígbẹ ti ń mu omi, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjìji igi ni ó ń mú kí omi tutù fún ẹja. Igi ń ṣọ́ omi, omi ń bọ́ igi. Bí a bá pa ọ̀kan lára, èkejì kò lè pẹ́ kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Báwo ni irú igbó báyìí ṣe wà láàárín ìlú ńlá? Ìtàn ni yóò dáhùn.

Àwọn baba ńlá Òṣogbo sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu pé, ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ọ̀wọ́n omi dé bá àwọn ará Ìpólé. Láròóyè ni olórí wọn. Tìmẹ́hìn, tí í ṣe ọdẹ, ni ó ń ṣíwájú wọn nínú igbó. Wọ́n wá omi títí wọ́n fi kan odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣán ilẹ̀ tí wọ́n ń gé igi, igi kan wó sínú omi. Lójú kan náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láti inú odò tí ń bá wọn wí pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, tí ó sì pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Láti inú ‘oṣó igbó’ yìí ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti jáde. Ìtàn náà fi kún un pé wọ́n bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú: òun yóò máa dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò sì máa bọ̀wọ̀ fún un. Ẹja jáde láti inú omi wá sí ọwọ́ olórí wọn gẹ́gẹ́ bí àmì, ọba ìlú náà sì ń jẹ́ Àtáọ́ja títí di òní, èyí tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí ‘a-tẹ́wọ́-gba-ẹja’. Nígbà tí ó yá, ìlú náà ṣí kúrò létí omi lọ sí orí ilẹ̀ gíga, nítorí ẹ̀kún omi. Wọ́n fi ibi tí aàfin wọn àkọ́kọ́ àti ọjà wọn àkọ́kọ́ wà sílẹ̀ sínú igbó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń rìn ní ọ̀nà igbó yìí ń padà lọ sí ilé àwọn baba ńlá Òṣogbo ni.

Ìwọ lè gba ìtàn ohùn inú omi yìí gbọ́, o sì lè ṣàìgbà á gbọ́. Mo ti kọ́ ọmọ Mùsùlùmí, mo ti kọ́ ọmọ Onígbàgbọ́, mo ti kọ́ ọmọ àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, n kò sì ní bá ọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ṣàkíyèsí ohun kan. Ọ̀pọ̀ ìlú ni ó jẹ́ pé ogun tí wọ́n ṣẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Igi tí wọ́n gé láìronú ni àwọn ará Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Wọ́n fi ẹ̀bi ara wọn sí iwájú ìtàn, kí ọmọ wọn lè máa rántí rẹ̀.

Wọn kò sì fi mọ sí ìrántí nìkan. Wọ́n ṣe òfin lé e. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gé igi nínú igbó náà. Èèwọ̀ ni kí a pa ẹran níbẹ̀, kí a pa ẹja inú odò náà, tàbí kí a dá oko sí ibẹ̀. Kò sí ìwé tí a kọ òfin yìí sí, kò sí ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ, kò sì sí wáyà tí a fi yí igbó náà ká. Ebi a máa pa àwọn ènìyàn ìgbà náà bí ó ti ń pa wá. Wọ́n ń rí ẹja lójú omi, wọ́n ń rí ẹran tí ń kọjá, wọ́n ń rí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí iṣu ìbá ta sí dáradára, wọ́n sì kó ara wọn ní ìjánu. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin wá dó ti Òṣogbo, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì wá gba ìlú náà sílẹ̀. Àwọn ọdún ogun àti ọdún ìnira wọ̀nyẹn kọjá, igbó náà sì wà níbẹ̀.

Ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún májẹ̀mú náà dá. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹjọ, Ìwọ́pópó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí í ṣe gbígbá ọ̀nà àti títún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn èyí ni Arugbá yóò gbé igbá lọ sí odò tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò sì tẹ̀lé e. Mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí Ìwọ́pópó yìí. Ọ̀nà inú igbó kì í ṣe ohun tí a là lẹ́ẹ̀kan kí a sì gbàgbé rẹ̀. Bí a kò bá rìn ín, tí a kò sì gbá a, igbó a pa á dé. Bákan náà ni ìwà rere nínú ọmọ ènìyàn.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní irú igbó ọ̀wọ̀ báyìí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti lọ. Igbó di oko, oko di ilé. Ti Òṣogbo náà sì kù díẹ̀ kí ó tẹ̀lé wọn. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣe àkóso iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan ilẹ̀ náà láti fi dán ọ̀gbìn wò. Wọ́n gé àwọn igi àtijọ́ lulẹ̀, wọ́n sì gbin igi tíìkì, igi tí a mú wá láti ilẹ̀ Éṣíà, sí ipò wọn. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1950, àwọn ojúbọ ti ń wó, ọ̀pọ̀ àwòrò ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn olè ń jí ère kó lọ tà, àwọn ọdẹ àti apẹja sì ti ń wọ ibi tí baba wọn kò jẹ́ wọ̀. Àwọn tí ń ra ilẹ̀ tí wọ́n sì ń tà á ti ń fi ojú wọn ilẹ̀ náà.

Kí ni ó fa èyí? Ojúkòkòrò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi eléyìí pa mọ́ fún ọ: àwa olùkọ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. A kọ́ ọmọ pé asán ni èèwọ̀, ọmọ sì gbà bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n a kò fi òfin mìíràn rọ́pò èèwọ̀ náà nínú ọkàn rẹ̀. A wó ọgbà àtijọ́, a kò sì kọ́ tuntun. Ṣé ó wá yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹran bá wọ inú oko?

Ní àkókò yìí gan-an ni obìnrin kan dé, Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni a ti bí i ní ọdún 1915. Ó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, tí ó wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn. Ó ṣe àìsàn líle. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ara mọ́ àwọn olórìṣà, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí ó wá gbé ní Òṣogbo tí ó sì rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí igbó, kò wí pé ọ̀rọ̀ onílé ni, kò kan àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ojúbọ kọ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Òyìnbó kan ṣoṣo ni ó gba igbó náà là. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n po amọ̀, tí wọ́n po sìmẹ́ńtì, tí wọ́n sì gbẹ́ igi pẹ̀lú rẹ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Agbẹ́gilére ni Kasali Àkàngbé. Buraimoh Gbádàmọ́sí náà wà nínú wọn, àti àwọn mìíràn. Mùsùlùmí wà láàárín wọn, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì wà. Àwọn ère ńláńlá tí wọ́n mọ, èyí tí ó ga ju ènìyàn lọ fíofío, kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Wọ́n dúró bí olùṣọ́. Ẹni tí ó bá wá láti wọn ilẹ̀ tà, tàbí láti pa ẹran, yóò rí i pé ilẹ̀ náà ní ẹni tí ó ni ín.

Iṣẹ́ wọn so èso. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ títí gbogbo hẹ́kítà 75 náà fi wà lábẹ́ òfin. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur tí wọ́n kọ ní ọdún 1999. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Ó ti lo nǹkan bí àádọ́ta ọdún lórí iṣẹ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan fún ọ nípa ara mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò buyì kún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo igbó náà. Ariwo àwọn ọmọ pọ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo rí ọ̀dọ́ igi kan tí ó gún régé, mo sì fi ọ̀bẹ gé e láti fi ṣe pàṣán. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ń gbá ọ̀nà. Ó dúró, ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ara, ó sì wò mí.

Ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, ta ni ó gbin igi tí o gé yẹn?”

Mo fi ẹ̀rín dáhùn pé, “Ìyá, kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Igi igbó ni.”

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín, ìwọ ìbá bẹ̀ ẹ́, ìbá sì gbin òmíràn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, ta ni yóò bá ọ san án padà?”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gbá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. N kò sì ní pàṣán lò mọ́ ní ọjọ́ náà, nítorí ojú tì mí. Mo ti ka ìwé, ìyá náà kò kà á. Ṣùgbọ́n òun ni olùkọ́ ní ọjọ́ yẹn, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú lórí ìbéèrè rẹ̀, n kò tíì rí ìdáhùn.

Ìwọ lè máa rò pé, níwọ̀n bí òfin orílẹ̀-èdè àti ti gbogbo ayé ti wà lórí igbó náà, ewu ti kọjá. Ó dùn mí láti sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin dá ọwọ́ ẹni tí ó mú àáké wọ inú igbó dúró, ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà. Ní apá òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn ènìyàn ń wa wúrà. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ etí omi, wọ́n sì ń fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè dá yà. Ẹrẹ̀ náà ń ṣàn padà sínú àwọn odò kéékèèké, àwọn odò kéékèèké sì ń gbé e wọ inú Ọ̀ṣun. Omi tí àwọn baba ńlá wá kiri ní àkókò ọ̀wọ́n ti wá pọ́n bí omi amọ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n wá ṣe ọdún pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Rò ó wò. Igi wà, ère wà, òfin wà, ọ̀nà ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n omi tí gbogbo rẹ̀ tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti di ohun tí a ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó sì bà á jẹ́ lè má ti fi ẹsẹ̀ tẹ igbó náà rí láyé rẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú gbogbo èyí?

Èkíní, ohun tí ó dára kì í dá wà. Bí o bá rí igbó tí ó tutù, tàbí ilé-ìwé tí ó mọ́, tàbí ẹbí tí ó wà ní ìrẹ́pọ̀, mọ̀ dájú pé ẹnì kan wà ní ibì kan tí ó ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, tí ó rí ohun tí ó lè mú tí kò sì mú un.

Èkejì, bí ìmọ̀ bá mú kí o kọ òfin àtijọ́ sílẹ̀, fi òfin tí ó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Bí o kò bá gbà pé òrìṣà ni kò jẹ́ kí a gé igi, gbà pé ilẹ̀ yóò ya, pé odò yóò gbẹ, pé ọmọ rẹ yóò béèrè. Ẹni tí ó kọ èèwọ̀ sílẹ̀ tí kò sì ní ẹ̀rí-ọkàn kò lajú. Ó kàn ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, gbogbo wa ni a ní ẹni tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí o bá dà sínú gọ́tà ní ẹnu ọ̀nà rẹ lónìí, ẹlòmíràn ni yóò bù ú mu lọ́la. Má ṣe wí pé o kò rí i. Àwọn tí ń wa wúrà náà kò rí ọ.

Nítorí náà, bí ìrìn-àjò bá gbé ọ dé Òṣogbo, lọ sí igbó náà. Rìn ní ojú ọ̀nà, má ṣe já ewé, má ṣe sọ òkò sí ọ̀bọ, má sì ṣe ju ọ̀rá tàbí ike omi sílẹ̀. Bí o kò bá sì lè dé ibẹ̀, wá odò tí ó wà ní ìlú tìrẹ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé kí ni orúkọ rẹ̀, báwo ni omi rẹ̀ ti rí nígbà èwe wọn, kí ni ó sì sọ ọ́ di bí ó ti rí nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, bí o bá lè rí ìgbálẹ̀, mú un lọ́wọ́. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju ìyẹn lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́.